Bí Ọmọ Ọwọ́ Ṣe Lè Máa Ṣeré Nílẹ̀ Láìséwu Nínú Ilé Tí Ajá Wà

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé ọmọ lé e, kó tó pé ìṣẹ́jú méjì ajá ti dé, ó ń gbóòórùn ọmọ, ó ń lá a lójú. Ìyá sáré gbé ọmọ, wọ́n jágbe mọ́ ajá, eré parí. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, àwọn òbí a ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Àwọn kan á jẹ́ kí ọmọ di ẹni tí kì í kúrò lórí itan àti lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn àti èjìká rẹ̀ kò sì ní tètè le. Àwọn kan á so ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ajá á wá mọ̀ ọ́n sí pé ìgbà tí ọmọ yìí bá fara hàn ni ìyà òun ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò ṣọ́ ọmọ. Bí ajá bá bu ọmọ kékeré jẹ nílé, àgbà sábà máa ń wà nítòsí, ajá ọ̀hún kì í sì í ṣe ajá àjèjì. Ètò ni kò tọ́: ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, wọ́n wá ń ronú kan ajá lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, ajá ló tẹ̀ lé e, ọmọ ló kẹ́yìn.

Àwọn tí ìtọ́sọ́nà yìí kò wà fún

Bí ajá yín bá ti bu ènìyàn jẹ rí, bó bá ń kùn mọ́ ẹni tó sún mọ́ oúnjẹ rẹ̀, tàbí tó ń tẹjú mọ́ ọmọ tó ń sunkún, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń ké fín-ín-fín, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn títì wà láàárín òun àti ọmọ. Dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí, tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ìwà ajá dáadáa.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ẹní fóòmù pẹlẹbẹ tí kò rọ̀ jù, tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ níbùú àti lóròó.
- Aṣọ ìtẹ́lé méjì tó ṣeé fọ̀. Bí ọ̀kan bá wà lórí okùn, èkejì wà nílẹ̀.
- Géètì ọmọdé tí wọ́n kàn mọ́ ògiri tàbí férémù ilẹ̀kùn, tó ga ju èjìká ajá yín lọ dáadáa, tí àlàfo àárín igi rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 6.
- Okùn ajá tó gùn tó mítà méjì. Èyí tó ń fà gùn fúnra rẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí.
- Ibùsùn tàbí ẹní tó jẹ́ ti ajá nìkan.
- Oúnjẹ tí ajá fẹ́ràn, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kan má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ.
- Ọmọláńgidi tó tóbi tó ọmọ ọwọ́.
- Páálí tó máa ń ṣẹ́ kù bí tísù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán. Ẹ máa rí ohun tá a fẹ́ fi ṣe.

1. Ara ajá fúnra rẹ̀

Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilẹ̀, ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ rí i pé àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ kò tíì kọjá àkókò, kó gba oògùn aràn, kó gba oògùn eégbọn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún àgbà ajá tó ń gbé pẹ̀lú ọmọdé ní oògùn aràn. Ọmọ ajá ń gbà á léraléra jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé láti ara ìyá rẹ̀ ni aràn ti lè wọ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ oògùn eégbọn tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn lẹ ń lò, alẹ́ ni kẹ́ ẹ kán an, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn. Kó gbẹ tán pátápátá kí ajá tó dé ibi tí ọmọ wà.

Ẹ gé èékánná rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá tó ha ọmọ lójú ló bínú; òmíràn kàn fẹ́ fò kọjá ni.

Ọ̀rọ̀ ìrora lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò. Ajá tí oríkèé ń dùn, tí etí rẹ̀ ti di, tàbí tí kò ríran dáadáa mọ́, tètè máa ń ta gìrì, ó sì lè ti fi eyín kan nǹkan kó tó mọ ohun tó fọwọ́ kan òun.

*Àyẹ̀wò:* ẹ rọra fọwọ́ pa ajá láti orí dé ìrù, ẹ fọwọ́ kan ìbàdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá yí orí kíá sí ọwọ́ yín níbì kan, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ máa dùn ún. Ẹ má tíì lọ sí ìgbésẹ̀ kejì.

2. Ibi tí ọmọ máa wà

Igun yàrá tí ajá kì í gbà kọjá ló dára jù. Ẹ má tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi omi rẹ̀ tàbí síta, ẹ má sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ajá tó bá rí ọ̀nà lọ, ó máa ń lọ. Èyí tí ọmọ àti ògiri há mọ́ kò ní ibi tó fẹ́ gbà, ìyẹn ló sì ń mú kó lo eyín.

Ẹ má sọ pé ẹ máa lo bẹ́ẹ̀dì tàbí àga onítìmùtìmù dípò ilẹ̀. Ọmọ lè já bọ́, ajá sì lè fò gun ibẹ̀ kí ọwọ́ yín tó dé e.

Kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti ajá kúrò nínú yàrá náà: abọ́ oúnjẹ, eegun, bọ́ọ̀lù, ohun tó ń jẹ lẹ́nu. Bí ajá bá máa jà, ìdí nǹkan wọ̀nyí ló ti sábà máa ń jà. Abọ́ omi náà kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ tó láti pa ọmọ tó bá dojú bọ̀ ọ́.

Ẹ wá kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ rá káàkiri yàrá bí ọmọ ṣe máa rá. Ẹ wo abẹ́ àga. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí hóró oúnjẹ ajá tó ti yí wọlé, èérún rọ́bà tó bù lára ohun ìṣeré rẹ̀, àti ike kékeré tó máa ń dún fíì nínú bọ́ọ̀lù tó ti fà ya. Páálí tísù ọjọ́un la máa fi wọ̀n wọ́n: ohunkóhun tó bá wọnú páálí náà lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ fi wọn àwọn ohun ìṣeré ọmọ náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ jókòó síbi tí ẹní máa wà, ẹ na ọwọ́ yíká. Kò gbọ́dọ̀ sí ohun ajá kankan tí ọwọ́ yín bà, kò sì gbọ́dọ̀ sí èyí tí ẹ lè rí láti ibẹ̀.

3. Fífọ ilẹ̀

Ẹ gbá irun ajá kúrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọṣẹ àti omi ti tó lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Bí ajá bá tọ̀ sílẹ̀, ẹ má da bílíìsì lé ìtọ̀ náà lórí. Ìtọ̀ ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ammonia nínú. Bí òun àti bílíìsì bá pàdé, wọ́n ń yọ èéfín tó ń ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Ẹ fi aṣọ tàbí tísù fa ìtọ̀ gbẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ lo bílíìsì, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó lò ó, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, kẹ́ ẹ sì tún fi omi ṣàn án.

Bílíìsì kì í sábà pa ẹyin aràn ajá. Gbígbá ilẹ̀ àti fífọ̀ ọ́ mọ́ ló ń gbé e kúrò. Ẹyin náà kì í sì í lè kó àrùn ranni lọ́jọ́ tí ajá ya á. Ó máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iyẹ̀pẹ̀ kó tó dàgbà débẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kíkó ìgbẹ́ ajá nínú ọgbà lójoojúmọ́ wúlò ju kẹ́ ẹ máa fi oògùn pa yàrá lọ. Ẹ máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì máa nu àtẹ́lẹsẹ̀ ajá tó bá tìta dé.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nu ibi tí ẹní máa wà. Bó bá ṣì ń kó irun tàbí ìdọ̀tí, ẹ tún un fọ̀.

4. Ìdènà

Oríṣi méjì ni àwọn ènìyàn máa ń rà: géètì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, àti ọgbà kékeré tó ń yí ọmọ ká. Géètì ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ mú bó bá ṣeé ṣe. Inú ọgbà kékeré, ajá lè yí ọmọ po lọ́tùn-ún lósì, ó lè ki imú bọ àlàfo, ọmọ náà sì lè na ọwọ́ síta mú un létí. Ojú kan ṣoṣo lẹ máa ṣọ́ bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ ọgbà lẹ ní, ẹ dè é mọ́ nǹkan tó wúwo kó má baà yọ̀ lọ, kí ẹní sì wà láàárín gbùngbùn, kí ọwọ́ ọmọ má lè kan igi rẹ̀ níbì kankan.

Ibi tí wọ́n ti ń kùnà:

Géètì tí kò ní ìṣó, tó jẹ́ pé fífún ni wọ́n fún un mọ́ ògiri, dúró dáadáa títí agogo ẹnu ọ̀nà fi dún tí ajá sì sáré lù ú. Irú èyí kò gbọ́dọ̀ dé orí àtẹ̀gùn rárá. Òmíràn ní ilẹ̀kùn kékeré nísàlẹ̀ tí ológbò ń gbà. Ajá kékeré á gba ibẹ̀, ọmọ tó ń rá náà á gba ibẹ̀. Àga tí wọ́n tò dínà, tàbí àpótí, kì í ṣe ìdènà. Ajá tí kò fò ó lánàá lè fò ó lónìí.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi orúnkún ti géètì gidi. Kò gbọ́dọ̀ mì. Lẹ́yìn náà, láìsí ọmọ nínú yàrá, kí ẹnì kan di okùn ajá mú lódì kejì, kí ẹlòmíràn jókòó sórí ẹní nínú, kó máa pè é. Bó bá gbìyànjú àtifò tàbí tó fi orí wá ọ̀nà, géètì yẹn kò ga tó.

5. Kíkọ́ ajá ní àyè rẹ̀

Iṣẹ́ yìí gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí náà ó sàn kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bímọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ti tó.

Ẹ darí ajá lọ sórí ibùsùn rẹ̀. Bó bá ti dùbúlẹ̀, ẹ fi oúnjẹ wẹ́wẹ́ sáàárín ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má fi lé e lẹ́nu. Bí oúnjẹ bá ń wá láti ọwọ́ yín, ọwọ́ yín ni yóò máa lé kiri. Ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ máa fi rán an lọ síbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kan tí ẹ máa fi dá a sílẹ̀, ẹ má sì pààrọ̀ wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ lọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, ìṣẹ́jú kan, títí dé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tó bá ti dìde, ẹ padà sí iye tó ti ṣe é dáadáa kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa fi nǹkan kún un, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan:

a. Ẹ jókòó sílẹ̀ nígbà tó wà lórí ibùsùn rẹ̀.
b. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹní ọmọ.
d. Ẹ gbé ọmọláńgidi sórí ẹní, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ gbé e sílẹ̀.
e. Ẹ fi ohùn ọmọ tó ń sunkún sórí fóònù, kó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ gan-an.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo (a) àti (b). Lójú ajá, àgbà tó bá jókòó sílẹ̀ ti ń pè é wá ṣeré nìyẹn. Bí kò bá tíì mọ̀ pé ẹ lè wà nílẹ̀ láìpe òun, yóò sáré bá yín lọ́jọ́ tí ọmọ wà níbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ọmọláńgidi wà lórí ẹní, ẹ ń kọrin fún un, ajá wà lórí ibùsùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀. Bó bá ti fi ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kan lélẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì yà síta, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bó bá lóṣòó sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tó fẹ́ ta kọ́ńkọ́, kò tíì tó.

6. Gbígbé ọmọ sílẹ̀

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

Ẹ mú ajá rìn jáde, kó tọ̀, kó sáré, kó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ fún un ní nǹkan jẹ lẹ́nu lódì kejì géètì, ẹ ti géètì. Ẹ kó ìlédìí, aṣọ ìnura àti ohun ìṣeré ọmọ sí àrọ́wọ́tó. Ẹ gbé fóònù sí ibi tí ẹ ò ti ní rí i. Ìgbà yìí ni ọmọ tó ń dé ilẹ̀. Ẹ jókòó sáàárín òun àti géètì.

Ọmọ tuntun, ẹ dà á dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, nígbà tí ojú rẹ̀ dá. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì lè rìn káàkiri fúnra rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ ní ìdojúbolẹ̀, kẹ́ ẹ pín in káàkiri ọjọ́. Bí oorun bá gbé e lọ, ẹ gbé e lọ sí ibùsùn tirẹ̀, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Orí ẹní yẹn kì í ṣe ibi oorun.

Nígbà tí ọmọ wà nílẹ̀, ẹ máa ju oúnjẹ wẹ́wẹ́ sí ajá lódì kejì. Bẹ́ ẹ bá gbé ọmọ, ẹ dáwọ́ dúró. Ajá á mọ̀ láìpẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá wà nílẹ̀ ni nǹkan dídùn ń wá.

Ewu ibẹ̀ wà nínú ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fẹ́ fi mú nǹkan kan wá. Bẹ́ ẹ bá máa dìde, ẹ mú ọmọ dání, ìbáà jẹ́ ìlédìí lásán lẹ fẹ́ mú. Bí agogo bá dún, ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Àlejò lè dúró.

Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó ronú àtimú ajá wọ yàrá náà. Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mú un wọlé, àgbà méjì gbọ́dọ̀ wà: ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan di okùn ajá mú, kí mítà méjì ó kéré tán wà láàárín. Ẹ má so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga kẹ́ ẹ sì máa lọ. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà nílé, ajá ò wọlé.

Ẹ má jẹ́ kó lá ojú, ẹnu tàbí ọwọ́ ọmọ. Kòkòrò wà nínú itọ́ ajá tó lè dá àìsàn sílára ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì gbó. Bó bá lá a, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ajá gbàgbé yín, ó ń jẹ ohun tirẹ̀ tàbí ó sùn. Bó bá dúró sẹ́nu géètì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó ń wo ọmọ láìyẹjú, ẹ ti sáré jù. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.

7. Ohun tí ara ajá ń sọ

Kí ajá tó kùn, ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń pọ́n ètè láìsí oúnjẹ. Ó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Ó ń yí orí kúrò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ, tí ẹ fi ń rí funfun ẹyinjú rẹ̀. Ó ká ìrù sábẹ́. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Èyí tó burú jù ni kí ara rẹ̀ le gbagidi, kó pa ẹnu dé, kó dẹ́kun mímí hẹlẹhẹlẹ lójijì. Láti ibẹ̀ sí eyín kò jìnnà mọ́.

Ìrù tó ń jù kò túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ dùn. Ìrù tó nà sókè gbọnrangandan, tó ń mì kíákíá, ń sọ pé ara ajá kò balẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ fi ohùn dídùn pe ajá kúrò. Ẹ má gbá a lọ́rùn mú. Ẹ fi ara yín sáàárín, ẹ kẹ̀yìn sí ajá díẹ̀, ẹ rọra gbé ọmọ. Bẹ́ ẹ bá já ọmọ gbà sókè lójijì, ajá lè fò tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì na ajá nítorí pé ó kùn. Bí wọ́n bá nà án, kò ní fẹ́ràn ọmọ sí i. Ohun tó máa kọ́ ni pé kíkùn léwu, lọ́jọ́ mìíràn yóò sì fo kíkùn, yóò bọ́ sórí jíjẹ tààrà.

8. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rá

Ọ̀pọ̀ ọmọ ń rá láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá. Gbogbo ìwà rere tí ajá ti kọ́ dá lórí ọmọ tí kì í kúrò lójú kan. Ní báyìí, ọmọ ló ń lọ bá ajá, ó ń fa irun, ó ń di ìrù mú láti fi dìde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí géètì títì lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ẹ ò ṣe é rí.

Ajá gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí ọmọ kò lè dé láéláé, tí òun sì lè lọ nígbà tó bá wù ú. Ajá tó ń sùn tàbí tó ń jẹun, ọmọ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Bí ajá yín bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má mú ju ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí méjì bá ń ja ìjà tiwọn, ẹsẹ̀ wọn kò ní mọ ọmọ.

*Àyẹ̀wò:* nígbà tí ọmọ bá rá sún mọ́ ọn, ajá dìde fúnra rẹ̀, ó bọ́ sí ibi tirẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ níbẹ̀.

Bí ajá bá ti bu ọmọ jẹ tàbí tó ha á

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, bó ti wù kó kéré mọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ orí, ojú tàbí ọrùn ni, bẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni dókítà gbọ́dọ̀ rí ọmọ, ẹ má dúró wo bóyá yóò wú. Ẹ sọ fún dókítà bó bá jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ àtijọ́ ni ajá lá. Ẹ mú ìwé àjẹsára ajá dání.

Ẹ ti ajá mọ́ ibì kan pẹ̀lú omi àti oúnjẹ. Ẹ má pa á, ẹ má lé e lọ, torí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10 nítorí dìgbòlugi.